Humboldt: Níbi Tí Òjò, Hẹlikópítà àti Ọjà Ti Ń Dá Ọjọ́ Ìkórè Fún Àgbẹ̀ Igbó

Ẹni tó bá gbéra ní San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó kọjú mọ́tò sí àríwá lójú títì tí wọ́n ń pè ní 101, yóò wa mọ́tò fún bíi wákàtí mẹ́rin kó tó dé Garberville. Ìlú kékeré ni. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò pé ẹgbẹ̀rún kan. Òkè yí i ká, odò Eel ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú títì kan ṣoṣo ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù tò sí. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn ibẹ̀ lè ra epo sí mọ́tò, kó mu kọfí, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ, láìmọ̀ pé ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá yẹn.

Bó bá tún rìn síwájú díẹ̀, inú igi ló máa wọ̀. Redwood ni wọ́n ń pe igi náà. Títì kan wà tó gba àárín wọn lọ fún máìlì 31, igi lọ́tùn-ún, igi lósì, tí oòrùn ọ̀sán gangan kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè kan ilẹ̀. Òmíràn nínú wọn ga ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ. Èyí tó ga jù lọ láyé, tí wọ́n sọ ní Hyperion, agbègbè Humboldt yìí kan náà ló wà, ọdún 2006 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Bí igi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 380 bá lè fara pamọ́ sínú igbó títí di ọdún 2006, kí ni kò lè fara pamọ́ síbẹ̀?

Igbó náà ló fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé ti mọ èyí tí ọ̀rọ̀ kàn: èyí tí wọ́n ń fà lẹ́nu, tí ojú ń pọ́n. Yorùbá tó sọ ewé náà ní igbó kò mọ Humboldt rí, àmọ́ àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka ìwé ìròyìn yìí tán kó máa wá kóró tí yóò sọ sẹ́yìnkùlé o! Ní Nàìjíríà, òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1966 le débi pé wọ́n dárúkọ ikú fún ẹni tó bá gbin igbó. Wọ́n ti mú ikú kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n òfin NDLEA ti 1989 ṣì wà gbọn-in, ẹ̀wọ̀n tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. California ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, òfin tiwọn sì yàtọ̀.

Oṣù kẹwàá ló dára kí èèyàn dé Garberville bó bá fẹ́ mọ ohun tó ń gbé wọn lọ́kàn. Ìkíni kì í jọ ìkíni mọ́ nígbà náà. “Ṣé o ti gé?” ni wọ́n ń bi ara wọn nílé epo, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ oko. “Mi ò tíì gé o, ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan.” “Wọ́n mà ní òjò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.” Ẹni tó ní ó ku ọ̀sẹ̀ kan á dákẹ́, á gbójú sókè wo sánmà. Gbogbo wàhálà ọdún kan ti wá kó sórí ìbéèrè kan ṣoṣo: òní ni àbí ọ̀la?

Ìdí ni pé igbó kì í ṣe àgbàdo tí èèyàn á ka oṣù mẹ́ta fún, kó sì gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sóko. Alẹ́ ló ń wò. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí ojúmọmọ gùn tó wákàtí 15 ní Humboldt, ńṣe ló kàn ń ga, tó ń yọ ẹ̀ka. Bó bá di oṣù kẹjọ tí alẹ́ ń gùn sí i, á mọ̀ pé ọdún ti ń lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Ó ní akọ, ó ní abo, ìdí igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì wà. Bí akọ bá ti fara hàn báyìí, wọ́n á fà á tu, wọ́n á gbé e jù nù. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ tí atẹ́gùn gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lu abo, kóró ni abo yóò gbájú mọ́, oje ara rẹ̀ á dín kù. Abo tí kò rí akọ yìí ni wọ́n ń pè ní sinsemilla. Èdè Sípéènì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò ní kóró. Omidan tó ń retí ọkọ tí kò ní í dé ni. Bó ṣe ń retí ni oje ń pọ̀ lára rẹ̀.

Oje yẹn ni ọjà. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó gé?

Àwọn ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́, irun ni wọ́n ń wò. Òdòdó abo máa ń yọ irun funfun tín-ín-tín-ín, bó bá sì ń gbó, irun náà á pọ́n rúsúrúsú, á ká wọ inú. Ẹni tó ń gbìn ín fún ìgbà àkọ́kọ́ á rí irun pupa méjì, mẹ́ta, á sáré lọ mú ọ̀bẹ. Irun a máa tan èèyàn jẹ púpọ̀. Òjò lè sọ ọ́ di pupa, atẹ́gùn lè sọ ọ́ di pupa, ọwọ́ ẹni tó ń fọwọ́ kàn án ṣáá lè sọ ọ́ di pupa.

Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ kì í gba irun gbọ́. Wọ́n ní dígí kékeré kan, irú èyí tí àwọn tó ń ta góòlù àti òkúta olówó iyebíye máa ń gbé sójú. Wọ́n á tẹ̀ mọ́ òdòdó náà, wọ́n á di ojú kejì. Ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ dà bí olú tó hù pitimu sórí ebè: ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí róbótó. Inú orí róbótó yẹn ni oje wà. Bó bá mọ́ gaara bí omi, kò tíì tó. Bó bá funfun bí omi ọ̀gì, ó ti dé ojú ẹ̀. Bó bá wá ń pọ́n bí oyin, ó ti fẹ́ máa kọjá, torí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti ń sọ èròjà tó ń mú orí yí di nǹkan mìíràn tí kò lágbára tó o. Wọ́n ní ẹni tó bá mu irú èyí, oorun ni yóò máa kùn ún. Ẹnì kan fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ funfun, ẹlòmíràn fẹ́ kí ìdá kan pọ́n díẹ̀. Àríyànjiyàn yìí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì jọ pé yóò tán láéláé. Ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí ni pé láti ìgbà tó bá ti funfun dáadáa, àyè tí àgbẹ̀ ní kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ.

Bó bá ṣe pé igbó nìkan ló ni ọ̀rọ̀ náà, kò bá rọrùn. Èèyàn á jókòó ti dígí rẹ̀, á máa wò ó lójoojúmọ́ títí yóò fi funfun. Àmọ́ láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn tí wọ́n ti ń gbìn ín ní Humboldt, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí igbó dá ọjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Òjò ló kọ́kọ́ gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Nílẹ̀ Yorùbá, inú àgbẹ̀ a máa dùn bí àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Ní Humboldt, àkọ́rọ̀ ni ọ̀tá. Láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ á gbẹ táútáú, àgbẹ̀ á máa fa omi sóko. Oṣù kẹwàá lòjò ń padà dé láti orí òkun Pàsífíìkì, ìgbà yẹn gan-an sì ni òdòdó ń gbó. Bí omi bá wọ inú òdòdó tó ṣù, tí kùrukùru òwúrọ̀ kò jẹ́ kó gbẹ, á bu. Àìsàn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Botrytis ni, òun náà ló ń ba èso àjàrà jẹ́. Inú lọ́hùn-ún ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Lóde, gbogbo rẹ̀ á dára lójú. Ewé kékeré kan á kàn rọ níbi kan. Bí àgbẹ̀ bá fà á, á yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, á rí eérú tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó wá ń dun èèyàn jù ni pé òdòdó tó tóbi jù, tó ki jù, tó fi ń yangàn fún àwọn ará àdúgbò, òun gan-an ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbọ́ pé òjò ọjọ́ mẹ́ta ń bọ̀, ọkàn àgbẹ̀ á pín sí méjì. Bó bá gé e lónìí, oje ò tíì pé. Bó bá dúró, ó lè pé, ó sì lè bu tán pátápátá. Àwọn kan á fi nylon bò ó. Àwọn kan á dúró títí òjò á fi dá, wọ́n á máa gbọn igi níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbọn àgbálùmọ̀, wọ́n tiẹ̀ ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ ewé gbígbẹ kúrò nínú ọgbà lọ síbẹ̀, láti fi fẹ́ omi kúrò lára òdòdó.

Èyí tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀rẹ̀ kò tiẹ̀ ṣeé gbà lọ́wọ́ òjò rárá. Àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn tí wọ́n sá kúrò nílùú ńlá ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, tí wọ́n wá ra ilẹ̀ pọ́ọ́kú tí àwọn agégẹdú ti gé igi rẹ̀ tán, kóró láti Mẹ́síkò, Kòlóńbíà àti Táílándì ni wọ́n sọ. Ilẹ̀ olóoru ni irú kóró bẹ́ẹ̀ ti wá, níbi tí òtútù kì í ti í lé ẹnikẹ́ni; kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ kíkánjú. Òjò á ti bẹ̀rẹ̀, òtútù á ti dé, òun ṣì ń tanná. Nígbà tó fi di ìparí àwọn ọdún 1970, kóró láti Afghanistan dé ọwọ́ wọn. Kúkúrú ni, ó ki, ó sì ń gbó kíákíá, nítorí ibi tó ti wá náà, òtútù ń lé e. Ìgbà yẹn ni àgbẹ̀ Humboldt tó lè gé igbó tó gbó dáadáa kí òjò tó dé.

Kò pẹ́ tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ òjò díẹ̀ ni hẹlikópítà dé!

Lọ́dún 1983, ìjọba dá ikọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CAMP. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ti ìbílẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Hẹlikópítà ni wọ́n ń gùn, wọ́n á máa rá bàbà lórí òkè, bí wọ́n bá ti rí àwọ̀ ewé tó yàtọ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àdá àti ìbọn. Ẹ ṣàkíyèsí o: wọn kì í wá ní oṣù kejì. Àsìkò tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í ki títí di ìgbà ìkórè ni wọ́n ń yàn. Ní 1990, wọ́n tiẹ̀ kó sójà wọ àwọn òkè tó wà létíkun. Ariwo hẹlikópítà lásán ti tó láti mú kí ẹlòmíràn dìde lóru, kó tan iná tọ́ọ̀ṣì, kó gé ohun tí kò tíì gbó. Omi gaara ló wà nínú oje rẹ̀, ó mọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí kò gbó sàn ju èyí tí ọlọ́pàá kó lọ. Àwọn mìíràn lọ gbìn ín sábẹ́ igi ńlá kí wọ́n má bàa rí i lókè, òjìji wá bò ó, kò so dáadáa, kò sì yá gbó. Nígbà tí rédíò àdúgbò tó ń jẹ́ KMUD bẹ̀rẹ̀ ní 1987, bí àwọn ará ibẹ̀ bá rí ọkọ̀ ọlọ́pàá tó tò lọ lójú ọ̀nà, wọ́n á pe rédíò, rédíò á sọ ọ́ síta. Ẹni tó wà lókè á gbọ́, á mọ ohun tí yóò ṣe.

Owó ló jẹ́ kí wọ́n lè fara dà á. Kí ayé ó tó yí padà, páùn kan lè tó 4,000 dọ́là. Iṣẹ́ agégẹdú ti ń kú, ẹja salmon ti dín nínú odò. Owó igbó ló ń gbé ṣọ́ọ̀bù ró, òun ni wọ́n ń dá jọ kọ́ ilé ìwé kéékèèké, òun ni wọ́n fi ra ọkọ̀ panápaná. Ìgbà ìkórè nìgbà náà dà bí ọdún ìbílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ láti Yúróòpù, láti Gúúsù Amẹ́ríkà, láti ibi gbogbo, á dúró sẹ́bàá títì Garberville pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, wọ́n á ya àwòrán sísọ́ọ̀sì sára páálí, wọ́n á gbé e dání. Ẹni tó ń kọjá á mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń wá: kí wọ́n máa fi sísọ́ọ̀sì gé ewé kúrò lára òdòdó. Kò sí ìwé àdéhùn. Àwọn kan gba owó gidi lọ sílé; àwọn mìíràn, ní pàtàkì àwọn ọmọbìnrin, fojú rí màbo lórí òkè tí kò sí ọlọ́pàá tí wọ́n lè ké pè. Èyí kò dára, bí èèyàn bá sì ń sọ ìtàn ibẹ̀, kò yẹ kó fò ó.

Ní 1996, àwọn ará California dìbò pé kí aláìsàn máa lò ó. Ní oṣù kọkànlá 2016, wọ́n tún dìbò pé ẹni tó bá ti pé ọdún 21 lè lò ó, ó sì lè gbin ìdí mẹ́fà sílé ara rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní Washington ò tíì tú u sílẹ̀ bí ọtí, àmọ́ ní California, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2018 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ǹsì.

Ẹ ò bá rò pé ijó ni wọ́n á máa jó ní Garberville. Ó ti parí, ọlọ́pàá ò lé yín mọ́! Ọjà ló wá dìde lé wọn. Àwọn olówó ńlá lọ gbìn ín sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gúúsù, lábẹ́ nylon tó lọ salalu, iye rẹ̀ sì já lulẹ̀. Láàrín 2021 sí 2022, àwọn àgbẹ̀ Humboldt ń ta páùn kan ní ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan péré, ẹlòmíràn ò sì rí ẹni tó máa rà á. Owó láísẹ́ǹsì wà níbẹ̀, owó orí wà níbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ so mọ́ ìdí igi kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, ìjọba sì fẹ́ mọ bí ó ti wúwo tó lọ́jọ́ tí wọ́n gé e.

Ọjà yìí náà ló wá ń dá ọjọ́ ìkórè báyìí. Bí gbogbo èèyàn bá gé ní oṣù kẹwàá, ẹrù á pọ̀, iye á tún já. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn ń tan igbó jẹ. Wọ́n á ta aṣọ dúdú bo oko ní ìrọ̀lẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí alẹ́ lè gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Igbó á rò pé ọdún ti ń lọ, á tanná, á sì gbó ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, nígbà tí òjò ò tíì sí nítòsí. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dúró de oòrùn ọdún ní tiwọn ń sọ pé adùn rẹ̀ kì í dọ́gba, wọ́n sì fẹ́ kí òǹrajà san owó jù fún tiwọn. Òǹrajà ò dá wọn lóhùn púpọ̀.

Kódà ẹni tó bá fẹ́ dúró, àyẹ̀wò ń dẹ́rù bà á. Òfin ní kí wọ́n yẹ igbó wò kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n bá bá irú èbu kan tó ń jẹ́ Aspergillus lára rẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ tà á bẹ́ẹ̀. Ewu tí òjò kan ṣoṣo lè kó báni ti wá ju ti àtijọ́ lọ. Iná náà tún wà. Ní oṣù kẹjọ 2020, mànàmáná dá iná tí wọ́n ń pè ní August Complex sílẹ̀, ó jó ju mílíọ̀nù kan éékà lọ ní àwọn òkè agbègbè náà. Eérú ń rọ sórí òdòdó tó ní oje tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Àwọn kan gé tiwọn kíá kí wọ́n tó sá. Àwọn kan ò tiẹ̀ ráyè gé e.

Ta ló wá kù tó lè dúró de igbó títí yóò fi gbó? Onídìí mẹ́fà ni. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn, tó gbìn ín sẹ́yìn ilé láàrín tòmátò; bàbá tó ti ta oko rẹ̀, tó ti dá láísẹ́ǹsì padà, tó fi mẹ́fà péré sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Wọn ò tà á, nítorí náà ọjà ò lè sọ nǹkan kan fún wọn. Hẹlikópítà kì í tìtorí ìdí mẹ́fà gbéra. Òjò nìkan ló kù, ìdí mẹ́fà sì ṣeé fi nylon bò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Òkè igi, tí oòrùn ń pa jù, ló ń kọ́kọ́ gbó. Wọ́n á dìde ní òwúrọ̀ kùtù kí oòrùn tó mú, wọ́n á gbé dígí sójú, wọ́n á gé èyí tó ti funfun, wọ́n á fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí i. Èyí tí wọ́n gé, wọ́n á so ó kọ́ sínú yàrá tó ṣókùnkùn, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí díẹ̀díẹ̀, fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Lójoojúmọ́ ni wọ́n á máa tẹ ẹ̀ka kan wò. Bó bá ń tẹ̀ lásán, wọ́n á fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dáhùn pẹ́ẹ́, tó ṣẹ́, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀.